Ilé Ẹ̀rù Tí Kò Ní Yàrá Pẹ̀lẹ́

Ọkùnrin tó jáde láti inú Ilé Ẹ̀rù lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì yẹn kò tíì rìn ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ tó fi rí ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ń rẹ́rìn-ín, ó mú ike omi tútù dání, ó na ọwọ́ sí i. Ọkọ wo ojú rẹ̀, ó figbe ta, ó sì sá padà sínú ilé tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹ́rù bà á tán.

Àwọn tó tò sórí ìlà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ara eré ni. Ìbídùnní náà rẹ́rìn-ín níbi tó dúró sí nínú yàrá òkè tí wọ́n ti ń ṣọ́ ilé náà. Àfìgbà tí àwọn ọmọ-irin mẹ́rin, ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ bí èèyàn nínú ọgbà náà, gbé ọkùnrin náà jáde, tí ìyàwó ń sunkún pé, "Láníhùn, èmi ni! Wò mí, èmi Àṣàkẹ́ ni!", tí ọkọ sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ da ata sí lójú, ni ẹ̀rín náà tó dá.

Ọjọ́ kẹta Ọ̀sẹ̀ Ìpayà nìyẹn, ní ọdún 2214, nílùú Òkunlọ́lá. Àwọn ọmọ Yorùbá ló kọ́ ìlú náà sórí omi nígbà tí òkun gba etíkun lọ́wọ́ wọn. Oko ewébẹ̀ wà níbẹ̀ lábẹ́ gíláàsì, ọkọ̀ tó ń lọ sínú òṣùpá sì ń gbéra níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá bi ọmọdé ibẹ̀ pé kí ló dùn jù nílùú wọn, Ọgbà Ìyanu ni yóò sọ fún ọ. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni ọgbà yìí máa ń ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún ìdẹ́rùbani, tí àwọn èèyàn yóò sì wọ ọkọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn kí wọ́n lè dẹ́rù bà wọ́n. Má bi mí pé kí ló mú ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ nílé rẹ̀ tó fi ń wá ẹ̀rù kiri. Bí ọmọ aráyé ṣe rí nìyẹn.

Ìbídùnní ló ń ya àwòrán àwọn ilé ẹ̀rù náà. Òun ló ń pinnu ibi tí òkùnkùn yóò ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ilẹ̀ yóò ti rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, àti ibi tí ọwọ́ yóò ti yọ lára ògiri. Òun náà ló ń yan àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò dúró sínú ilé, àwọn tí wọ́n ń pè ní adẹ́rùbani. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n tẹ́lẹ̀, méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n, Bàbá Arógundádé sì ni olórí wọn. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Bàbá, ìbòjú ńlá oníwo méjì ló sì máa ń dé. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lẹ́nu ìbòjú náà tó máa ń sọ ohùn rẹ̀ di ohùn tó ń dún láti ìsàlẹ̀ kànga. Agbálagbà ọkùnrin ti tọ̀ sára nítorí rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n àwọn adẹ́rùbani yìí ní àṣà kan tí wọn kì í fi ṣeré rárá. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn, yàrá kan wà tí ìmọ́lẹ̀ kún inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Yàrá Pẹ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni ẹni tó dẹ́rù bà ọ́ jù yóò ti wá bá ọ, yóò lóṣòó níwájú rẹ, yóò ṣí ìbòjú rẹ̀ lójú rẹ, yóò sì wí pé, "Pẹ̀lẹ́ o. Èmi Arógundádé ni." Wọ́n á fún ọ lómi mu. Ìwọ náà yóò dáhùn pé, "Ó ti tán." Bí o kò bá tíì lè sọ ọ́, wọn ò ní jẹ́ kí o jáde. Obìnrin kan ti jókòó síbẹ̀ fún odindi wákàtí kan rí, tí Bàbá ń bá a sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ àti ọmọ títọ́ títí ó fi rí i sọ. Ẹ sáà mọ̀ wá, bí àlejò tí a kò mọ̀ rí bá kọsẹ̀ lójú pópó, a óò kí i ní pẹ̀lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkúta ló ṣẹ̀ ẹ́.

Lọ́dún yìí, Ìbídùnní gbé ẹ̀rọ tuntun dé, ó sì sọ ọ́ ní Arínúróde. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n máa ń dè mọ́ ọ lórí lẹ́nu ọ̀nà. Kí o tó kà dé mẹ́wàá, ẹ̀rọ náà yóò ti rí ohun tí o ń bẹ̀rù jù láyé, èyí tí o kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, yóò sì fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ara fún un. Ara ìmọ́lẹ̀ yìí ní ojú, ó ní ohùn, ó tilẹ̀ ní òórùn. Kò ṣòro fún Ìbídùnní láti dá àwọn méjìlélọ́gbọ̀n náà dúró. Ó ti Yàrá Pẹ̀lẹ́ náà pa, nítorí pé ara ìmọ́lẹ̀ kò ní ìbòjú tí yóò ṣí. Kí n má purọ́, ó ti pẹ́ tí yàrá yẹn ti ń bí i nínú. Bí àwọn èèyàn bá ti dé ibẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń bá jáde, gbogbo làálàá rẹ̀ á sì di ìgbàgbé kí wọ́n tó dé ibi ọkọ̀. Ó fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́ lára èèyàn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n lẹ̀ kiri ìlú: "Ẹ̀rù yìí á bá ọ délé!"

Wọn kò tíì gbé Láníhùn kúrò lójú ọ̀nà nígbà tí Bàbá Arógundádé gun àtẹ̀gùn wọ yàrá òkè. Ó gbé ìbòjú oníwo rẹ̀ sábẹ́ apá, nítorí ó ti wá kó ẹrù rẹ̀ tó kù.

"Ẹ káàsán, Bàbá." Ìbídùnní kúnlẹ̀ fìrì, ó tún dìde.

"Ẹ̀ẹ̀melòó nìyí, Ìbídùnní?"

"Kí ni, Bàbá?"

"Má bi mí ní kí ni! Ẹni tó jáde tí kò fẹ́ rí èèyàn rẹ̀ sójú mọ́."

"Ó dà bíi pé ọkùnrin yẹn ti mu nǹkan kó tó wọlé ni, sà."

"Obìnrin àná tó sá fún ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun náà mu nǹkan?"

Ìbídùnní kò rò pé Bàbá gbọ́ ti obìnrin yẹn. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àárẹ̀ ló mú un. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," ó ní, "ìmọ́lẹ̀ lásán ni Arínúróde. Kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ki èèyàn mọ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Orúkọ Ọlọ́run tí o gbé wọ irin, ìyẹn nìkan tó láti lé mi jáde níbí, ṣùgbọ́n mo ti fi ìyẹn sílẹ̀." Bàbá gbé ìbòjú rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì. "Wò ó. Bí mo bá dẹ́rù bà ọ́, èyí ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà ọ́. Mo ṣí i, o rí i pé bàbá arúgbó kan ni mí, ẹ̀rù náà kúrò lára mi, ó kù sára igi. Èyí tí o ṣe yìí, ojú ta ló ń lò?"

"Ojú ohun tí onítọ̀hún bá ń bẹ̀rù."

"Bó bá wá jẹ́ ojú ìyàwó rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà lò ńkọ́? Ta ni yóò bá a ṣí i kúrò lójú ìyàwó rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà bí Ìbídùnní nínú. Ló bá sọ èyí tó wà nílẹ̀, tó ti ń fi yangàn láti àárọ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀. Àwọn ọ̀gá ọgbà bi mí lánàá bóyá mo lè jẹ́ kí ọmọ tèmi wọ ibẹ̀. Mo ní kò séwu. Ẹwàtómi ti wà nínú rẹ̀ báyìí, òun ló wọlé tẹ̀lé ọkùnrin yẹn."

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Ẹwàtómi, inú ọgbà yìí ló sì dàgbà sí. Ó ti jókòó sí Yàrá Pẹ̀lẹ́ tó ìgbà ogún, òun sì ni ọmọ kan ṣoṣo tó máa ń fa ìwo ìbòjú Bàbá, tó ń pè é ní Bàbá Oníwo.

"Kí ni ọmọ yẹn ń bẹ̀rù, Ìbídùnní?"

"Ajá ni. Ajá àti òkùnkùn."

"Ìwọ lo rò bẹ́ẹ̀. Ṣí i, ká wò ó."

Òfin ọgbà ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wo ohun tí àlejò ń rí nínú ilé. Ìlà pupa tó ń sọ bí ọkàn ṣe ń lù nìkan ni wọ́n ń wò lórí dígí ẹ̀rọ. Ìbídùnní wo ìlà ti Ẹwàtómi, ó rí i tó ń fò sókè sódò. Ó rú òfin tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ó ṣí àwòrán náà.

Kò rí ajá. Kò rí òkùnkùn. Yàrá ìdáná ilé wọn ló rí, pẹ̀lú kẹ́tùlù aláwọ̀ ewé wọn lórí iná. Ẹwàtómi dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì ilé-ìwé lẹ́yìn. Obìnrin kan kọ ẹ̀yìn sí i níbi tábìlì, ó ń ya àwòrán ilé.

"Mọ́mì, mo ti dé," ni ọmọ náà wí.

Obìnrin náà yíjú padà, Ìbídùnní sì rí ara rẹ̀. Àpá kékeré tó wà lágbọ̀n rẹ̀ wà níbẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́, ó fi oríkì pe ọmọ náà: "Àníkẹ́ mi. Àníkẹ́, máa bọ̀." Ọmọ náà sáré lọ bá a. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà, ó sì wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ta ni ìwọ?" ó ní. "Ta ló ní kí o wọ ilé mi? Èmi ò bímọ."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn, ó yíjú, ó rẹ́rìn-ín, ó pe Àníkẹ́. Ọmọ náà tún sáré lọ, nítorí pé ìyá rẹ̀ ló ń pè é.

Jìnnìjìnnì bo Ìbídùnní. Ó nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ náà, kò lè tẹ̀ ẹ́. Bàbá Arógundádé ló bá a tẹ̀ ẹ́. Àwọn méjèèjì sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, bàbá arúgbó náà ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ti gbé ìbòjú rẹ̀ dání.

Wọ́n bá Ẹwàtómi nínú yàrá òfìfo kan, ó rúnra mọ́ ògiri, ojú rẹ̀ gbẹ, kò sunkún. Ìbídùnní kúnlẹ̀. Ohun tí ìyá yòówù kó jẹ́ nínú wa yóò ṣe ló ṣe. Ó na ọwọ́, ó fipá rẹ́rìn-ín, ó sì fi oríkì pe ọmọ rẹ̀.

"Àníkẹ́ mi. Àníkẹ́, máa bọ̀."

Igbe tí ọmọ náà ké kò ṣe é ròyìn. Mo mọ àwọn tó gbọ́ ọ lórí ìlà níta, wọn kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí dòní. Ó ń fi èékánná ha ògiri, ó ń wá ibi tí yóò gbà sá. Ìbídùnní ń pariwo pé, "Èmi ni! Èmi ìyá rẹ ni!", bí Àṣàkẹ́ ṣe pariwo ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ńṣe ni ọmọ náà túbọ̀ ń rúnra mọ́ ògiri. Nígbà tó yá, Bàbá fi ìgbọ̀nwọ́ ti Ìbídùnní sẹ́yìn, ó dé ìbòjú oníwo, ó sì lóṣòó. Ó ṣí ìbòjú náà díẹ̀díẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́ o. Èmi Arógundádé ni."

Ẹwàtómi wò ó pẹ́. Ó fò mọ́ ọn lọ́rùn. Bàbá ní kó sọ pé ó ti tán. Ọmọ náà gbé ojú sókè, ó rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn Bàbá, kò sì sọ ọ́.

Mọ́kànlélógójì ni àwọn tó gba inú ilé náà kọjá kí wọ́n tó wó o. Láníhùn kò padà sọ́dọ̀ Àṣàkẹ́. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀, wọ́n ní ohun tí ọpọlọ ti rí, tó sì ti gbà gbọ́ tó bẹ́ẹ̀, kò ṣe é pa rẹ́. Ìbídùnní sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ọ̀dọ̀ Bàbá Arógundádé àti ìyàwó rẹ̀ ni Ẹwàtómi ń gbé báyìí, ó ń lọ sílé-ìwé, ó ń jẹun, ó sì ń ṣeré.

Ní ọ̀sọ̀ọ̀sán, bí ọmọ náà bá ti délé, àlejò kan máa ń wá bá a. Ó máa ń dé ìbòjú oníwo méjì, ohùn rẹ̀ sì ń dún láti ìsàlẹ̀ kànga. Ó máa ń bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ó máa ń di irun rẹ̀, ó sì máa ń bó ọsàn fún un. Ẹwàtómi gbà pé Bàbá Oníwo mìíràn ni, kò sì bẹ̀rù rẹ̀ rárá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àlejò náà gbìyànjú láti ṣí ìbòjú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ náà kò fi sùn lẹ́yìn ìyẹn, kò sì mọ̀ pé àlejò òun ló ṣí i. Ó rò pé obìnrin inú Ilé Ẹ̀rù yẹn ló wọlé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí àlejò ṣe ń di irun rẹ̀ lọ́wọ́, Ẹwàtómi gbé orí lé orúnkún rẹ̀.

"Bàbá Oníwo," ó ní, "ìgbà wo ni mọ́mì mi máa dé?"

"Kò ní pẹ́," ni ohùn inú kànga dáhùn.

"Tó bá dé, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un o. Ṣùgbọ́n obìnrin tó jọ ọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó wọlé."

"Mo gbọ́," ni Ìbídùnní wí lábẹ́ ìbòjú. "Mi ò ní jẹ́ kó wọlé."