Ìlà tó Yà sí Apá Kejì

"Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?"

Ọ̀gá awọnlẹ̀ ló béèrè bẹ́ẹ̀ níwájú yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó ti tan máàpù ìlú sára ògiri. Gbogbo títì dúdú, ìlà pupa kan sì ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ọmọ tó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Ìlà pupa wọ̀nyẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò tẹ̀ lé láti gbẹ́lẹ̀ fún páìpù omi.

Abẹ́rẹ́ tẹjú mọ́ ògiri. Ta ni kì í mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀? Ó ti ń na ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀ nígbà tí Òwú dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Èmi ni, Ọ̀gá."

Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Abẹ́rẹ́ náà pàtẹ́wọ́, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí ì bá ṣe.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan tín-ín-rín, kò sì síṣẹ́ tó le tí kì í wọnú rẹ̀. Èkejì kì í jìnnà sí i. "Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni òwú ń tọ̀," wọn a wí, wọn a sì bú sẹ́rìn-ín. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń rìn, wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń mu. Ìdí nìyẹn tí Abẹ́rẹ́ kò fi pa ohunkóhun mọ́ nígbà tí ọ̀gá awọnlẹ̀ sọ pé òun máa mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo, tí òun máa kọ́ níṣẹ́ máàpù lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ìdánwò àṣejáde. Àǹfààní yìí nìkan ni Abẹ́rẹ́ ní. Ìyá rẹ̀ alágbàfọ̀ ti sọ ọ́ gbangba pé agbára òun ò ká ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Iṣẹ́ tí ọ̀gá fi dán wọn wò rọrùn létí: kí wọ́n fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo títì ìlú, ní apá tí kò sí òpó iná. Àwọn yòókù ń fọwọ́ fà á lọ́kọ̀ọ̀kan títí ojú fi ń ta wọ́n. Abẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ kíyè sí i pé bí èèyàn bá ti orí títì bọ̀, apá ọ̀tún ni òpó iná máa ń wà. Ó jókòó, ó kọ àṣẹ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà: mú títì kan, wọn mítà mẹ́ta sí òsì rẹ̀, fa ìlà, bọ́ sórí òmíràn. Kó tó ṣẹ́jú, iṣẹ́ ti parí.

"Ìwọ ọmọ yìí, irú orí wo lo gbé kọ́rùn?" Òwú fò mọ́ ọn. "Jọ̀ọ́, fún mi kí n lọ wò ó nílé."

Ó fún un. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Abẹ́rẹ́ rí àṣìṣe ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ òpó iná. Ibi tí ẹni tó ya títì sórí máàpù ti bẹ̀rẹ̀ ló fi ń mọ òsì àti ọ̀tún, bí ẹni tó ń rìn lójú ọ̀nà. Bí ẹni náà bá ti ìdí títì bọ̀ dípò orí rẹ̀, òsì ti di ọ̀tún nìyẹn. Abẹ́rẹ́ tún tirẹ̀ ṣe. Ó ní òun á sọ fún Òwú láàárọ̀ kí òun tó fi í jíṣẹ́, àṣé Òwú ti gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ lọ fún ọ̀gá.

"O ṣe báyìí sí mi?" Abẹ́rẹ́ bi í níta.

Òwú kò wojú rẹ̀. "Ọpọlọ tìẹ pé, wàá rí ọ̀nà míì. Èmi ńkọ́?"

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ọ̀rọ̀ náà dun Abẹ́rẹ́ wọ eegun. Ó sì ti rí i lára ògiri pé ìlà títì oníbúrẹ́dì ti yà sí apá òpó iná, níbi tí ààrò ìyá tó ń ṣe búrẹ́dì wà, títì náà sì ni ọ̀gá ní wọ́n máa kọ́kọ́ gbẹ́.

Nílé, ìyá rẹ̀ rí i pé kò fọwọ́ kan oúnjẹ. "Ta ló ṣẹ̀ ọ́?"

"Kò séèyàn, Mọ́mì."

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, ló ń wí nínú. Jẹ́ kí wọ́n gbẹ́lẹ̀, kójú tì í. Ó dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Katakata gbẹ́lẹ̀ tọ ìlà pupa, ògiri ààrò ìyá oníbúrẹ́dì sì wó lulẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun pípò lórí tábìlì. Ọ̀gá ránṣẹ́ pe Òwú síbẹ̀ pé kó wá ṣàlàyé. Òwú wo máàpù títí, ló bá bú sẹ́kún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi Abẹ́rẹ́. Òun ló ṣe é."

Wọ́n pe Abẹ́rẹ́. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òsì àti ọ̀tún láìkọsẹ̀.

"Èmi náà jẹ̀bi, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò," ni ọ̀gá wí. "Àmọ́ ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Abẹ́rẹ́ wolẹ̀. "Láti ọjọ́ tí ẹ tàn án sára ògiri."

Ìyá oníbúrẹ́dì, tí ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ̀, yíjú sí i. Kò pariwo.

"Ọmọ mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

Abẹ́rẹ́ gbójú sókè. Ojú tí ìyá náà fi ń wò ó ni ojú tí òun alára fi ń wo Òwú láti ọjọ́ yìí wá.

Ọ̀gá kò mú èyíkéyìí nínú wọn. Ọ̀kan lára àwọn tó ń fọwọ́ fa ìlà ló mú. Abẹ́rẹ́ ń lọ po amọ̀ lójoojúmọ́ títí ààrò tuntun fi dúró. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́, ìyá oníbúrẹ́dì kò sì bá a ṣàwàdà. Òun àti Òwú kò jọ rìn mọ́.

Òótọ́ ni pé wọ́n dalẹ̀ Abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí ibi tó ń bọ̀, tó dákẹ́ kí ibi náà lè bá ọ̀tá rẹ̀, ti dalẹ̀ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.