Ráàmù Méjì Tí Kò Gbọ́ra Wọn Yé

"Ó tún ti dákú," ni ìyá kan wí. Wọ́n ká ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n fi ọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń wò ó. Bí wọ́n ti ń ṣe láti àárọ̀ nìyẹn: wọ́n á tẹ ìlà mẹ́ta, wọ́n á dúró, wọ́n á tẹ méjì sí i, wọ́n á tún dúró. Iṣẹ́ atẹ̀wé ni ìyá náà ń ṣe nínú ilé. Àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ ló wà lọ́wọ́ wọn, ó lé ní àádọ́jọ ojú ìwé, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá a padà.

Ọmọ wọn obìnrin jókòó tì wọ́n, òun ló ń ka àkọsílẹ̀ náà sókè, nítorí ojú ìyá rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè é nílé ẹ̀kọ́. Kò sí ohun tó bàjẹ́ tí kì í tú wò. Ó ti rẹ òun náà tẹnutẹnu. Ìdánwò àṣejáde ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì tíì ṣí ìwé.

"Màmá, ẹ sinmi díẹ̀."

"Ta ni yóò bá mi tẹ̀ ẹ́ tí mo bá sinmi? Ìwọ ṣáà máa kà á lọ."

Ẹnjiníà mọ ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà náà. Ráàmù rẹ̀ ló kéré, ìyẹn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà máa ń tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí. Bí ibẹ̀ bá ti há, bí ìgbín ni yóò máa wọ́. Ó sì mọ ibi tí ráàmù wà. Tíṣà kọ̀ǹpútà fọkàn tán an débi pé ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wà.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, tí àwọn yòókù lọ jẹun, ó wọlé, ó tú kọ̀ǹpútà kan tó ní ráàmù méjì, ó sì yọ ọ̀kan. "Mo kàn yá a ni," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Ọ̀kan ṣì kù fún un." Ó fi í sáàárín ìwé nínú báàgì rẹ̀, ó sì gbé e lọ sílé.

Ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Kọ̀ǹpútà gbà á, iṣẹ́ sì ń lọ geere. Ohun kan ṣoṣo ló yà á lẹ́nu: tuntun náà yá ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì, síbẹ̀ iye ìyára ti àtijọ́ ni kọ̀ǹpútà ń kọ sójú rẹ̀ fún ráàmù méjèèjì.

"Ọmọ mi, o ṣé o!" ni ìyá rẹ̀ wí. "Níbo lo ti rí i?"

"Wọ́n yá mi ni, mà."

Nígbà tó dé láti ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ ló bá ìyá rẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Ojú kọ̀ǹpútà ti ṣàdédé di búlúù, ó sì kú. Nígbà tó máa jí, iṣẹ́ náà kò ṣí mọ́. Ìyá rẹ̀ kò pariwo. "Ó ti rẹ̀ mí," ni wọ́n wí. Ìbá sàn kí wọ́n bú u.

Ẹnjiníà gbé kọ̀ǹpútà náà, ó sáré padà sílé ẹ̀kọ́, ó bá tíṣà níbi tó ti fẹ́ máa lọ. Ó jẹ́wọ́ láìfi ẹyọ kan pa mọ́.

Tíṣà tú ẹ̀rọ náà, ó dán ráàmù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn. "Eléré ìje ni èyí tó o mú," ló wí. "Arúgbó ni ti ìyá rẹ. Tó o bá dà wọ́n pọ̀, ìrìn arúgbó ni eléré ìje máa rìn. Ìyẹn ṣì dáa. Nígbà mìíràn, wọn ò tiẹ̀ ní gbọ́ra wọn yé rárá, iṣẹ́ á sì bàjẹ́ sí wọn lọ́wọ́."

Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ráàmù kan jáde láti ara kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti pa tì. "Ìbejì ti ilé yín rèé. Ọ̀gá àgbà ti ní kí n fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Kí ló dé tó ò bèèrè?"

Ẹnjiníà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ọ̀gá àgbà máa gbọ́, àmọ́ màá sọ fún wọn pé ìwọ lo fẹsẹ̀ ara rẹ wá."

Nígbà tó délé, ó sọ òtítọ́ fún ìyá rẹ̀. "Abèèrè kì í ṣìnà, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "O rò pé ò ń ràn mí lọ́wọ́."

Ilé ẹjọ́ sún ọjọ́ síwájú di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n wọ́n gbé iṣẹ́ tó kàn fún atẹ̀wé mìíràn. Ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ọmọ ń kà, ìyá ń tẹ̀, láti ojú ìwé kìíní. Kọ̀ǹpútà kò dákú mọ́. Àwọn tó jókòó tì í ló fẹ́ dákú. Ó ti wá yé Ẹnjiníà pé ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n jí gbé máa ń fi kún ẹrù ẹni tí wọ́n jí i fún ni. Ohun tó sì dùn ún jù ni pé ká ní ó kàn la ẹnu bèèrè ni, wọn ì bá ti fi ráàmù lé e lọ́wọ́.