Àmì Ọrùn Ẹ̀wù Raouf

Èébú ni mo fi kí Raouf lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Ó wọ ọ́fíìsì wa ní Savalou tòun ti eruku Bantè lára, ó gbé akoto rẹ̀ lé orí ìwé mi, ó sì fi ìgúnpá ti tábìlì.

"Ṣé ilé ìyá yín nìyí?" ni mo bi í.

"Rárá o, màdáàmù. Ká ní ilé ìyá mi ni, wọn ì bá ti fún mi lómi."

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Iléeṣẹ́ kan ló wá lọ́dún náà, tó ní òun fẹ́ sọ ìlú wa di ìlú ọlọ́gbọ́n. Wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀ ní àbáwọlé Savalou, ní gáréèjì Bantè, àti ní oríta Pira. Wọ́n wá gba èmi Moufida pé kí n máa forúkọ àwọn ọlọ́kadà sílẹ̀, kí n sì máa rán nǹkan pẹlẹbẹ kan, tí kò ju èékánná lọ, sí ọrùn ẹ̀wù onínọ́ńbà wọn. Kò ní wáyà, kò ní bátìrì. Bí ẹ̀wù náà bá ti kọjá lẹ́bàá òpó, orúkọ ẹni tó ni ín á yọ lójú kọ̀ǹpútà mi, tòun ti aago. Ẹni tí òpó kò bá dá mọ̀, ọlọ́pàá á dá a dúró. Àmì ni wọ́n ní ká máa pe nǹkan ọ̀hún.

"Àmì?" Raouf yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ṣé kì í ṣe amí?"

"Ṣé olè ni yín ni, tẹ́ ẹ fi ń bẹ̀rù?"

"Ẹni tí yóò máa wò mí ni mò ń bẹ̀rù. Ó ti rẹwà jù."

Ẹ gbọ́ ẹnu! Mo rán an sí i lọ́rùn ẹ̀wù. Kí oṣù náà tó parí, ó ti ń pè mí ní "ayé mi", èmi náà ń pè é ní "tèmi nìkan". Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí orúkọ rẹ̀ bá yọ lójú kọ̀ǹpútà, Raouf, àbáwọlé Savalou, aago méjì, mo ti ń tún ìborùn mi ṣe kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Bàbá mi ní Bantè ò kọ́kọ́ fẹ́. Ó ní òun ò rán ọmọ lọ sí yunifásítì kí ọlọ́kadà lè wá fi ṣe ìyàwó. Raouf ò bá a jiyàn. Ó ń lọ kí i, ó ń lọ kí i, títí Bàbá fi dá ọjọ́ tí ẹbí rẹ̀ máa wá tọrọ mi.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo rí i lójú kọ̀ǹpútà. Raouf, oríta Pira, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó dáa, èrò ló gbé. Lọ́jọ́ kejì, Pira. Lọ́jọ́ kẹta, Pira. Á wọlé ní aago mẹ́wàá, kò ní jáde títí aago kan á fi lù. Èrò wo lèèyàn ń já sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta?

Mo pè é lórí fóònù. "Tèmi nìkan, níbo lo wà láàárọ̀?"

"Bantè níbí, ayé mi. Mo sinmi díẹ̀."

Irọ́! Ara mi gbóná, ojú mi ṣú. Ó ti ní obìnrin sí Pira! Ṣé kí n pariwo mọ́ ọn létí ni? Rárá. Mo ní màá jẹ́ kó kó ẹbí rẹ̀ wá, kí ìyá rẹ̀ jókòó dáadáa, kí n tó dójú tì í. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọ aago rẹ̀ sínú ìwé, tí mo sì ń bá a rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Mò ń sìn ín bí ẹni ń sin àgbò iléyá.

Ọjọ́ pé. Ẹbí rẹ̀ kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Bantè. Wọ́n pè mí jáde, gẹ́gẹ́ bí àṣà, kí n fẹnu ara mi sọ bóyá mo gbà. Mo kúnlẹ̀, mo kí gbogbo wọn, mo wá fa ìwé yọ.

"Kí n tó dáhùn, ẹ gbọ́ ibi tí ọkọ mi ń lọ. Àtìní, aago mẹ́wàá, Pira. Àtàlátà, aago mẹ́wàá, Pira. Àlàmísì, aago mẹ́wàá, Pira. Ẹ bi í, ta ló ń fún un lóúnjẹ níbẹ̀?"

Ìyá rẹ̀ fi ìborùn bojú. Raouf ń wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀san ò dùn. Ó dùn mọ́ mi dé eegun!

"Tún ti Àlàmísì yẹn kà," ni Bàbá wí.

Mo tún un kà.

"Àlàmísì, aago mẹ́wàá, Raouf ń bá mi mọ odi ilé ìdáná. Èmi ni mò ń po amọ̀ fún un. Ó ní kí n má tíì sọ fún ọ."

"Bàbá, orúkọ rẹ̀ ló yọ o."

"Orúkọ rẹ̀ lè yọ. Òun fúnra rẹ̀ wà níwájú mi."

Ìgbà náà ni Houda àbúrò mi, tó ń ránṣọ ní Pira, bú sẹ́kún. "Àǹtí mi, ẹ dákun, Adamou ni. Ẹ̀wù Raouf ló ń wọ̀ wá sọ́dọ̀ mi."

Yéè! Adamou, ọ̀rẹ́ Raouf ní gáréèjì. Ìwé tó fi ń tọrọ àmì ti wà lórí tábìlì mi láti oṣù méjì, mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Bí ọlọ́kadà kan bá ń sinmi ní Bantè, yóò bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ fún ẹni tí kò ní nọ́ńbà, kí òun náà lè rí ṣe. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Èmi tí wọ́n bí ní Bantè mọ̀ ọ́n! Kọ̀ǹpútà nìkan ni kò mọ̀, òun ni mo sì gbà gbọ́.

Mo yíjú sí Raouf lórí eékún mi. "Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Mo ti ṣèlérí fún Adamou pé mi ò ní tú àṣírí rẹ̀ kí Bàbá tó gbà fún èmi àti ìwọ. Ìwọ ńkọ́? Kí ló dé tí o ò bi mí? Ọjọ́ mẹ́sàn-án, Moufida. O ń bá mi rẹ́rìn-ín."

"Dárí jì mí, tèmi nìkan."

Ìyá rẹ̀ ti dìde. "Raouf, jẹ́ ká máa lọ. Ilé tí wọ́n ti ń ka ìṣísẹ̀ ọmọ mi, mi ò ní fà á lé wọn lọ́wọ́." Wọ́n kó obì wọn, wọ́n lọ. Raouf kọ ìpè mi. Mo lọ sílé wọn lẹ́ẹ̀mẹta, ìyá rẹ̀ ò ṣílẹ̀kùn.

Ìtìjú ọjọ́ yẹn ló jẹ́ kí Bàbá fa Houda fún Adamou. Nígbà tó di oṣù kẹrin lẹ́yìn náà, a ṣe yìgì wọn. Raouf wá. Mo fọwọ́ ara mi gbé oúnjẹ fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ó dùn.

"Wọ́n ní o ti fi ọ̀kadà sílẹ̀," ni mo wí.

"Mo ti fi í sílẹ̀, tòun ti ẹ̀wù alámì yẹn."

"Raouf, mo ṣì fẹ́ràn rẹ. Mi ò lè sùn."

"Èmi náà ṣì fẹ́ràn rẹ," ló wí jẹ́jẹ́. "Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn."

Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣáà sọ ibi tí ò ń gbé báyìí fún mi. Màá wá bẹ̀ ọ́ níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìtọrọ nìyẹn. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀.

"Wá mi," ló wí. "Ṣebí o mọ bí wọ́n ṣe ń wá èèyàn."

Ó dìde, ó dágbére fún Bàbá, ó jáde. Mo sá tẹ̀ lé e láìwọ bàtà. Nígbà tí mo fi máa dé títì, mi ò rí i mọ́, n kò sì mọ apá ibi tó yà sí.