Ràfátù Kò Fẹ́ Ṣe Opó Lẹ́ẹ̀kejì

Ibi tí wọ́n ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwọn àgbàlagbà, ní ilé ìwòsàn kékeré kan l'Oju Ore ní Ọ̀tà, ni Adérógbà ti kọ́kọ́ rí Ràfátù.

Ọmọ Ìkìrun ni Adérógbà. Ilé-iṣẹ́ irin kan ní Ṣàngó ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, Kẹ́hìndé ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti wà nílé ọkọ. Opó ni Ràfátù náà. Ọmọ Ọ̀tà ni, ó ń ta òwú àti bọ́tìnnì fún àwọn télọ̀, Ìyá Basit ni gbogbo àdúgbò sì ń pè é.

Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ Adérógbà, ó tún un wọ̀n, ó wá bi í bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀. Adérógbà ní bí orí bá ń fọ́ òun lòun máa ń lò ó, pé bí ara òun bá ti yá, kí lòun tún fẹ́ fi oògùn ṣe. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà lára èèyàn kó má mọ nǹkan kan, pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lo oògùn rẹ̀. Adérógbà ń mi orí bí ẹni tó gbọ́.

Ràfátù tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé kò gbọ́.

"Ẹ má bínú sí mi o, bàbá," ló wí. "Bí ọkọ mi ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó ní ara òun le. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, apá kan ara rẹ̀ ò sì gbéra mọ́ títí ó fi kú."

Adérógbà dúró dè é títí wọ́n fi wọn tirẹ̀ náà. Ó bá a gbé báàgì rẹ̀ dé títì, wọ́n sì jọ rìn díẹ̀. Kí wọ́n tó pínyà, ó béèrè ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà.

Bí ọ̀rẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, wọ́n á jọ rìn kiri àdúgbò kí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó gba títì. Adérógbà máa ń ráhùn pé orúnkún ń dun òun, Ràfátù á ní kó rọra rìn, pé kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, tí ata, àlùbọ́sà àti ewébẹ̀ fi ń dùn. Lọ́jọ́ tí Adérógbà kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ó ní ó jọ omi ìfọwọ́. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó yá, ó mọ́ ọn lẹ́nu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bi í ní oríkì rẹ̀. Ràfátù ní Àbẹ̀kẹ́ ni, pé ó pẹ́ tẹ́nìkan ti pe òun bẹ́ẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́," ni Adérógbà wí, "mo fẹ́ kí a jọ máa gbé."

Ràfátù dúró, ó kọjú sí i. "Mo fẹ́ràn yín, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ti sin ọkọ kan tí kì í lo oògùn. Mi ò lágbára láti sin òmíràn."

Láti ọjọ́ náà, Adérógbà kò pa lílo oògùn rẹ̀ jẹ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi í léèrè ohun tó yí i lérò padà, ó ní obìnrin kan ló sọ pé òun ò fẹ́ ṣe opó.

Basit, ọmọ Ràfátù, ń gbé ní Alápòtì, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣàngó. Nígbà tí Adérógbà lọ kí i, ó dọ̀bálẹ̀, ó fún un lómi tútù, ó bọ̀wọ̀ fún un dáadáa. Àfìgbà tí àlejò lọ tán tó sọ tinú rẹ̀.

"Mọ́mì, bàbá yẹn ò wá ìyàwó, nọ́ọ̀sì ló ń wá. Ẹ̀yin lẹ tọ́jú bàbá mi títí ó fi kú. Ẹ ti ṣe tó."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ràfátù, nítorí ó mọ̀ pé ìfẹ́ tí ọmọ òun ní sí òun ló mú un sọ ọ́. Ó ní kí Adérógbà ṣì ní sùúrù. Ìrìn àárọ̀ dáwọ́ dúró, inú àwọn méjèèjì sì bàjẹ́.

Nígbà tí Adérógbà ò lè mú un mọ́ra mọ́, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun fẹ́ ra òwú dúdú. Ràfátù fún un ní búlúù. Ó sọ fún un pé kì í ṣe dúdú. Ràfátù gbà á padà, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó fi ọwọ́ wá òmíràn, àwọ̀ ilẹ̀ ló tún mú.

"Látìgbà wo lojú yín ti rí báyìí?" Adérógbà béèrè jẹ́ẹ́jẹ́.

Ràfátù wá jẹ́wọ́ pé ó ti pẹ́. Dókítà ti ní nǹkan funfun ló bo ẹyin ojú òun, pé iṣẹ́ abẹ kékeré ló máa mú un kúrò. Ẹ̀rù abẹ ló ń bà á, kò sì sọ fún Basit.

"Ẹ̀rù ń bà yín kí n má kú," ni Adérógbà wí. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà kí ọkọ̀ má gbá yín ní títì. Ẹ ní kí n lo oògùn, mo lò ó. Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n sọ fún Basit, wọ́n sì lọ. Iṣẹ́ abẹ náà kò pẹ́, kò sì dun Ràfátù bó ṣe rò. Wọ́n ní kó má gbẹ́rù, kó má tẹ orí wálẹ̀, kí omi má kàn án lójú. Àlùfáà ní kó máa ṣe tayamọ́mù, ìyẹn ìmọ́ra tí wọ́n ń fi erùpẹ̀ ṣe, dípò àlùwàlá, kó sì máa jókòó kírun.

Oògùn kíkán sójú ló kù. Iṣẹ́ Basit ò jẹ́ kó ráàyè, Adérógbà bá gbà á ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Basit yà sí ṣọ́ọ̀bù láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó rí bàbá náà tó ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́, tó ní kí Ràfátù gbójú sókè, tó rọra fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀, tó kán an, tó sì ní kó dijú ná. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé páálí òwú wọlé kí Ràfátù má bàa fọwọ́ kàn án. Ìta ni Basit dúró sí títí ó fi parí.

"Bàbá, mo ní nọ́ọ̀sì lẹ̀ ń wá," ló wí. "Mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ má bínú."

"O ò ṣì í sọ púpọ̀," Adérógbà dáhùn. "Mo nílò nọ́ọ̀sì. Òun náà sì nílò rẹ̀."

Basit gba páálí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá.

Láìpẹ́, ojú Ràfátù mọ́. Adérógbà wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ràfátù sì wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ dàgbà ju bí mo ṣe rò lọ."

"Ṣé kí n máa lọ ni?"

"Ẹ jókòó, ọkọ mi. Mo ṣì ń wò yín."

Mọ́ṣáláṣí àdúgbò ni wọ́n ti so yìgì, Basit ló dúró fún ìyá rẹ̀, Kẹ́hìndé sì jókòó ti Ràfátù. Nígbà tí àlùfáà bi Ràfátù bóyá ó fi tìfẹ́tìfẹ́ gbà láti fẹ́ ọkùnrin yìí, kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó fi ní òun gbà.