Irọ́ Kan, Ẹ́ńjìnnì Méjì

Bàbá Ẹ-Jẹ́-N-Wò fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ lára ẹ́ńjìnnì, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó sì tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ́ìlì náà mọ́ lóló bí oyin. Ó nù ún, ó tì í padà, ó tún fà á yọ. Ó mọ́ síbẹ̀.

“Òkú yìí mọ́ jù,” ni mẹkáníìkì àgbà náà wí.

Lọ́yà, tó fara ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, yọ ṣùtì ètè. Kí ni ọkùnrin yìí tilẹ̀ mọ̀? Wáyà ló fi so awò ojú rẹ̀ mọ́ etí. Ṣòkòtò rẹ̀ ti mu ọ́ìlì tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè dá dúró láìsí ẹsẹ̀ nínú. Kò sí ìbéèrè tí a bi í tí kì í fi “ẹ jẹ́ n wò” dáhùn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ohun tó wí lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ náà nìyẹn. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Lọ́yà, ó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ẹnu rẹ̀ ló sì sọ ọ́ ní Lọ́yà. Ó lè fi ọ̀rọ̀ sọ ewúrẹ́ di àgùntàn kí olówó rẹ̀ sì dúpẹ́.

Bàbá rẹ̀ ló ni ọkọ̀ náà. Olókè ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí ọ̀nà òkè tí kò ní ọ̀dà, tó kún fún òkúta àti ẹrẹ̀, ni ó ti ń jẹun láti ogún ọdún. Àràárọ̀ ni, bí ó bá ti ṣe àmín àdúrà tán, yóò lọ fi ọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, yóò sì kì í:

“Agùnkè bí ewúrẹ́ àpáta,
Afẹsẹ̀-mẹ́rẹ̀ẹ̀rin-jagun.
Ẹrẹ̀ rí ọ, ó yàgò;
Òkúta rí ọ, ó wólẹ̀.”

Ní báyìí, òun gan-an ló wólẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ti kú, ó ti gan pa. Lẹ́tà iṣẹ́ sì wà lábẹ́ ìwé àdúrà Olókè nílé: òun ni yóò kó àga, ìwé àti oògùn lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ orí òkè ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ọkọ̀ bá pa ìrìn méjì jẹ, iṣẹ́ di ti ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ọ̀nà méjì ló wà. Bàbá Ẹ-Jẹ́-N-Wò ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òun yóò tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀ títí dórí nọ́ọ̀tì tó kéré jù, òun yóò wá ohun tó pa á, òun yóò sì pààrọ̀ kìkì ohun tó kú. Ó ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀nà kejì ni ti ọ̀gá tó ń ta ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń pè ní Alẹ́ńjìnnì. Òun dúró níbẹ̀ nínú òórùn lọ́fínńdà, ó wọ bàtà funfun. Ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnnì tí bàtà rẹ̀ sì funfun, ó yẹ kí ènìyàn rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n bàtà náà wu Lọ́yà. Alẹ́ńjìnnì sọ fún Olókè pé kí Ẹ̀gbọ́n má da ara wọn láàmú, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ kan wà nílẹ̀ tí yóò bá ọkọ̀ náà mu. Lọ́jọ́ méjì, àwọn ọmọ iṣẹ́ òun á ti yọ ti àtijọ́ sọnù, wọ́n á ti gbé tuntun sí i.

Olókè wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ìwọ tí o kàwé, kí ni o rí sí i?”

Ìbéèrè yẹn bá Lọ́yà níbi tó ń dùn ún, nítorí kò sí ẹni tó mọ ohun tó pa ẹ́ńjìnnì náà jù ú lọ.

Ní Sátidé tó kọjá ni. Olókè lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ara rẹ̀ kò yá, ó sì ní kí Lọ́yà gbé àpò sìmẹ́ńtì mélòó kan lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní òpin ọ̀nà ọlọ́dà, kó sì gbé ọkọ̀ padà wálé tààrà. Ó gbé e lọ. Ìgbà tó ń bọ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin gun ọkọ̀, àwọn ọmọ tí kò tíì di nǹkan kan mú rí ju fóònù lọ. Wọ́n ní ìyá arúgbó ni ọkọ̀ náà, pé kò lè la odò tó wà lábẹ́ afárá. Ọ̀kan ní ẹ̀rù ń ba Lọ́yà. Ọ̀rọ̀ tí kò tó ìyẹ́ adìẹ ni, òun ló sì gbé e wọ odò.

Ẹ̀ka igi kan tó yọ sórí omi gbá páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì lọ sókè òrùlé. Oríkèé páìpù náà là, omi wọlé, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní àìmọye ìgbà pé ẹ́ńjìnnì tó bá mu omi, a kì í jí i níbẹ̀, nítorí omi kì í ṣe afẹ́fẹ́ tí a lè fún pọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un lẹ́yìn ọkọ̀, ó sì yí kọ́kọ́rọ́. Ohun tí wọ́n gbọ́ dà bí ìgbà tí a ju òòlù sínú ìkòkò irin. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò yí mọ́.

Àwọn alápàtẹ́wọ́ kò dúró. Ọ̀kan rántí pé òun ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Ọ̀kan ní ìyá òun ń pe òun, bẹ́ẹ̀ fóònù rẹ̀ kò dún. Katakata kan ló fa ọkọ̀ délé. Kí bàbá rẹ̀ tó dé, Lọ́yà ti da ọ́ìlì tó ti di funfun bí tíì oní-mílíìkì sínú kòtò lẹ́yìn ilé, ó ti rọ tuntun sí i, ó ti fi téèpù dúdú wé ojú ibi tí páìpù là, ó sì yí i sápá inú kí ojú má baà tó o. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé orí ọ̀nà títẹ́jú ni ọkọ̀ dákẹ́ sí fúnra rẹ̀. Olókè mí kanlẹ̀, ó ní ọjọ́ ogbó ló dé sí i, ó sì rẹ Lọ́yà lẹ́kún. Ó rẹ ẹni tó pa á lẹ́kún.

Nítorí náà, bí wọ́n bá tú ẹ́ńjìnnì náà, ikùn Lọ́yà ni wọ́n tú. Ó gbé ojú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ó ní ta ló tún ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe láyé ìsinsìnyí. Ó ní kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ẹlòmíràn á ti máa kó àga gun òkè. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi rẹ́rìn-ín títí sípánà fi bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan wọn:

“Bàbá mi, láti ìgbà tí ẹ ti bí mi ni Bàbá yìí ti ń sọ pé kí a jẹ́ kí àwọn wò. Kí ni wọ́n ti rí?”

Alẹ́ńjìnnì pàtẹ́wọ́. Bàbá Ẹ-Jẹ́-N-Wò rọra nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn èkejì.

“Olókè, ọmọ rẹ mọ̀rọ̀ sọ,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n bá mi bi í: òkú tí ẹnikẹ́ni kò tíì túfọ̀ rẹ̀, ta ló ti wẹ̀ ẹ́?”

Lọ́yà mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n ọkàn bàbá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ lẹ́tà olóǹtẹ̀. Ó fi í pe òwe àgbà, ó ní kí Alẹ́ńjìnnì gbé tirẹ̀ wá. Lọ́yà gbìyànjú kí Alẹ́ńjìnnì kó ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn fi bàtà funfun kàn án, ó ní irin tí a fi ń dá ilẹ̀kùn dúró ni. Ó kù sí ọgbà mẹkáníìkì.

Ọjọ́ kejì, ọkọ̀ jí. Wọ́n ti fi ọ̀dà fàdákà kun ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ náà, ohùn rẹ̀ sì tutù minimini. Àwọn ọmọ Alẹ́ńjìnnì so páìpù àtijọ́ náà mọ́ ọn bí wọ́n ṣe bá a, torí pé iṣẹ́ àwọn ni láti so, kì í ṣe láti wò. Olókè gun òkè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì ṣàdúrà fún Lọ́yà níwájú àlejò, pé ọgbọ́n rẹ̀ kò ní di òmùgọ̀. Lọ́yà ṣe àmín.

Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, agbára ọkọ̀ ti ń dín. Èéfín búlúù ń tẹ̀ lé e bí ìrù. Ó ń mu ọ́ìlì bí ọ̀mùtí. Ní àárín òkè, pẹ̀lú àga ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn, ó dákẹ́. Ó pa ìrìn kìíní jẹ. Kí wọ́n tó fà á sọ̀kalẹ̀, ó ti pa ìkejì jẹ.

Inú ọgbà mẹkáníìkì kan náà ni wọ́n gbé e wá, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Alẹ́ńjìnnì. Àwọn ènìyàn pé jọ, inú wọn sì dùn, nítorí kò sí ohun tó rọrùn tó kí a kórìíra aláṣehàn. Wọ́n pè é ní olè. Wọ́n ní ọ̀dà fàdákà ló tà, pé irin kò sí nínú rẹ̀. Alẹ́ńjìnnì fi ìyá rẹ̀ búra pé ẹ́ńjìnnì náà kò ní àléébù nígbà tó kúrò lọ́wọ́ òun. Òógùn bò ó, ẹnikẹ́ni kò sì gbà á gbọ́. Olókè, tí kì í gbé ohùn sókè, ní òun yóò mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Bàbá Ẹ-Jẹ́-N-Wò kò bá wọn dá sí i. Ó ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, níbi tí páìpù náà wà. Nígbà tó nàró, ó fi ìka rẹ̀ hàn wọ́n: eruku pupa láti inú páìpù. Ó gbé pàǹtí téèpù dúdú kan tí oòrùn ti yọ́ sórí tábìlì irin. Ó wá lọ sínú ilé, ó mú ọ̀pá irin kan jáde, èyí tó máa ń di píṣítìnì mú. Ó ti wọ́ bí ẹsẹ̀ ẹni tó ṣẹ́ tí kò jinná dáadáa. Ó ní inú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ni òun ti yọ ọ́, òun àti iyanrìn odò.

“Èyí mu omi,” ni ó wí, “èyí jẹ eruku. Ojú ihò kan náà ni méjèèjì gbà wọlé. N kò mọ ẹni tó wé téèpù.”

Kò wo Lọ́yà nígbà tó sọ ọ́. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló wò ó, bí a ti ń wo ohun tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà.

Ojú ogunlọ́gọ̀ ṣì wà lára Alẹ́ńjìnnì. Ọ̀kan nínú wọn ti ní àwọn ọmọ rẹ̀ ló wé e. Lọ́yà mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tilẹ̀ ti tò sí i lẹ́nu, tó dán, tó gún régé, tó lè sọ ọkùnrin náà di olè títí ayé. Alẹ́ńjìnnì wo bàtà rẹ̀, ẹnìkan ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ́ìlì.

“Èmi ni,” ni Lọ́yà wí.

Kò rojọ́. Ó sọ ti odò, ó sọ ti kọ́kọ́rọ́, ó sọ ti kòtò ẹ̀yìn ilé. Nígbà tó parí, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Olókè kò nà án. Ó lọ bá Alẹ́ńjìnnì, ọkùnrin tó ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n, ó sì fi ọwọ́ kanlẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn pé kí àbúrò foríji òun. Lọ́yà ìbá yan pàṣán.

Ìgbà náà ni bàbá rẹ̀ tó yíjú sí i. “Ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́, omi ló pa á. Ìyẹn, àṣìṣe ọmọdé ni, mo lè gbé e jẹ. Èkejì, ẹnu rẹ ló pa á.”

Iṣẹ́ bọ́. Wọ́n fún awakọ̀ mìíràn, ọkùnrin tí kò mọ ọ̀nà òkè rárá, òun sì ló wá bẹ Olókè pé kó máa tọ́ òun sọ́nà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wa ọkọ̀ fún ogún ọdún ṣe ń jókòó sórí ẹrù lẹ́yìn ọkọ̀ ẹlòmíràn, tó ń nawọ́ sọ pé ọ̀tún, pé òsì, kí àga ọmọ ilé ẹ̀kọ́ má baà ya sí kòtò.

Bàbá Ẹ-Jẹ́-N-Wò bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ṣe. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, Lọ́yà ń fi kẹrosíìnì fọ irin títí èékánná rẹ̀ fi dúdú. Àgbà náà kò fi ọ̀rọ̀ dídùn kan bá a lò. Bí ó bá fẹ́ kó ṣe nǹkan, yóò ní, “Ìwọ tó mọ̀rọ̀ sọ, fọ èyí.” Ó ń fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n to gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán, Olókè wá. Ó ku kí wọ́n rọ ọ́ìlì sí i kí wọ́n sì jí i. Mẹkáníìkì dá ọwọ́ dúró, ó bi Lọ́yà bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí wọ́n mọ̀.

Lọ́yà wo ilẹ̀. Nọ́ọ̀tì kan wà nísàlẹ̀ pátápátá tí eyín rẹ̀ jẹ dànù, tí kò dì mú mọ́, nígbà tí òun ń dè é lánàá. Ó ti kọ́kọ́ rò pé kò sí ojú tó lè tó o níbẹ̀. Ó sọ ọ́.

Olókè gbójú sókè wo oòrùn. Ìdajì ọjọ́ ni wọn yóò fi tú u. Bàbá Ẹ-Jẹ́-N-Wò nawọ́ mú sípánà, ó fi lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́, ó sì ní kó wọ abẹ́ ọkọ̀. Kò bú u.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, òtítọ́ gba Lọ́yà ní ìdajì ọjọ́. Irọ́ gba bàbá rẹ̀ ní odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, kó tètè sọ ọ́, nítorí ohun tó pa ti àkọ́kọ́ tí a bò mọ́lẹ̀, ó ń dúró de èkejì. Kí Ọlọ́run fún wa ní ẹnu tí kò ní pa ilé bàbá wa.