Ta Ló Láṣẹ Lórí Orúkọ Mopa?

Eruku pupa ọ̀nà Iyah-Gbede ti bo ìpéǹpéjú ọ̀dọ́mọkùnrin kan nígbà tó já wọ gbọ̀ngàn ìpàdé ní Kabba, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì tó já lọ́wọ́. Ẹ̀rín gba ọ̀rọ̀ mọ́ Miriam, tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ níwájú, lẹ́nu.

Olùkọ́ ni Miriam ní Mopa. Òun náà ló ń bójú tó ojúewé ìlú wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó kó wọn jọ lọ́jọ́ náà ni pé ta ló yẹ kó láṣẹ lórí orúkọ tí ènìyàn ń tẹ̀ kó tó rí irú ojúewé bẹ́ẹ̀.

"Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lè ti orúkọ ẹlòmíràn pa," Miriam parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dìde. Ọ̀rẹ́olúwa lorúkọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní Abuja níbi tí wọ́n ti ń forúkọ irú ojúewé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì lè tì í pa. "Okun o, Tíṣà," ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíra wọn lágbègbè náà. "Ọjà tí kò lólórí, olè ni yóò máa ná an."

"Bí olórí ọjà bá wá di olè ńkọ́?"

Gbogbo ilé hó. Àwọn méjèèjì bá àríyànjiyàn náà dé ìdí iṣu sísun lóde, kò sì wu ẹnikẹ́ni nínú wọn kó tán. Láti ọjọ́ náà, fóònù Miriam kò sinmi. "Olófin mi," ni Miriam ń pè é. Ọ̀rẹ́olúwa náà a ní, "Ọlọ̀tẹ̀ mi ọ̀wọ́n."

Àfi bí àwọn ẹni ibi kan ṣe ṣí ojúewé mìíràn, tí orúkọ rẹ̀ fi lẹ́tà kan ṣoṣo yàtọ̀ sí ti Mopa. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn Mùsùlùmí fẹ́ gba ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn gbà á gbọ́. Mùsùlùmí sì ni bàbá Miriam. Àwọn aládùúgbò tó ń bá a jẹun kò kí i mọ́.

"Ọ̀rẹ́, tì í pa nísinsìnyí!" Miriam ké sórí fóònù.

"Olólùfẹ́ mi, mo ti kọ̀wé sí ẹni tó ni ín. A gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀ ná."

"Wọ́n ń yẹra fún bàbá mi, ìwọ ń dúró de èsì!" Ó pa fóònù.

Èsì kò dé. Ọ̀rẹ́olúwa wá ti ojúewé irọ́ náà pa, ìlú sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n Miriam kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. "Ẹni tí ilé àna rẹ̀ ń jó, tó ń wá ìwé òfin," ni bàbá rẹ̀ wí, "ṣé ọkọ nìyẹn?" Síbẹ̀ ara ọmọ náà kò balẹ̀. Bó bá ń kọ́ni, ojú fèrèsé lojú rẹ̀ ń wà. Bó bá ń sebẹ̀, ọbẹ̀ a jóná.

Nígbà tó yá, ó gbé àwòrán ọ̀nà kan tí wọ́n pa tì sórí ojúewé Mopa. Inú bí olóṣèlú ńlá kan tí iṣẹ́ ọ̀nà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Ọ̀rẹ́olúwa fúnra rẹ̀ kan ilẹ̀kùn wọn.

"Kí lo wá ṣe?"

"Wọ́n ní kí n ti orúkọ yín pa torí olóṣèlú yẹn. Mo ní mi ò lè ṣe é láìgbọ́ tẹnu yín. Ọ̀gá mi ní kí n máa lọ ilé."

"Orúkọ náà ńkọ́?"

"Ó ṣì wà. Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún lẹ́yìn mi náà kọ̀."

Ó wá yé Miriam. Ká ní ó ti sáré ti ojúewé irọ́ yẹn pa nítorí ẹkún òun, ẹnu wo ni ì bá fi kọ̀ fún alágbára yìí?

"O pẹ́ jù nígbà yẹn o," ó wí.

"Mo mọ̀. Ó ń dùn mí títí di òní."

Bàbá rẹ̀ ti ń gbọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó jáde, ó gbé àga tirẹ̀ fún àlejò, ó sì wọlé padà.

"Mi ò níṣẹ́ mọ́, Miriam."

"Iṣẹ́ á tún wà." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Sọ fún àwọn ènìyàn ẹ kí wọ́n wá tọrọ mi. Ara mi ò lè gba ìdúró mọ́."