Ẹni Tó Dáhùn Láti Abẹ́ Ilẹ̀

Bátìrì ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ ìyàwó mi ṣì wà nínú àpò mi nígbà tí ẹnìkan dá mi lóhùn.

Ọ̀sán gangan ni, lẹ́yìnkùlé ìyá ìyàwó mi ní Itagunmodi. Òṣogbo là ń gbé, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n rédíò ni mo fi ń ṣeré láti kékeré. Ìgbì rédíò tó bá lọ sílẹ̀ gan-an máa ń wọ inú ilẹ̀ lọ, dé ibi tí ti fóònù kò lè dé. Láti ìgbà tí kòtò góòlù ti wó lu Kọ́ládé, àbúrò ìyàwó mi, tí wọn kò sì rí òkú rẹ̀ gbé jáde, ni mo ti ń wá ọ̀nà tí ẹni tó bá há sábẹ́ ilẹ̀ yóò fi lè ké sí ará ilé. Mo kan ọ̀pá irin méjì mọ́lẹ̀, mo so wáyà ẹ̀rọ kan mọ́ wọn. Òkìkí, ìyàwó mi, gbé ẹ̀rọ kejì lọ sí oko. Ó ti lọ tán kí n tó rántí bátìrì. Mo ní kí n kúkú dán tèmi wò ná.

"Ṣé o ń gbọ́ mi?" ni mo wí.

Ariwo kan kọ́kọ́ wá, bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ àpò iyanrìn nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohùn ọkùnrin, jẹ́jẹ́: "Mo ń gbọ́."

Ìyá sáré jáde láti ilé ìdáná, gàrí lọ́wọ́. "Kọ́ládé?"

Ariwo iyanrìn yẹn tún kọjá kí ohùn náà tó dáhùn. Ó ní, "Kọ́ládé ni."

Ìyá jókòó sórí ilẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá àti Òkìkí kò ti jẹ́ kí n hú irin. Ìgbàkígbà tí mo bá wá láti Òṣogbo, ibẹ̀ ni n ó ti bá Ìyá, tí ó ń bẹ ẹ̀gẹ́, tí ó ń ròyìn fún un: ẹni tó bímọ, ẹni tó kọ́lé, òjò tí kò tètè rọ̀. Òkìkí á tẹ́tí sí i, omi á lé ròrò sójú rẹ̀.

Èmi ni ara ń fu. Ohùn náà kì í sọ ohun tí Ìyá kò bá tíì sọ fún un. Lọ́jọ́ kan tí Ìyá wọlé lọ mu omi, mo bi í pé, "Kọ́ládé, níbo ni èmi àti ìwọ ti kọ́kọ́ pàdé?" Ìgbà tí Ìyá padà dé ni ohùn náà tó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Yèyé, kí ni kí n sọ fún un?"

Mo fa Ìyá lọ sábẹ́ igi kòkó.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n hú irin yìí. Kì í ṣe Kọ́ládé."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ kẹ̀?"

"Màámi ni Kọ́ládé ń pè mí. Yèyé ni àwọn ará àtijọ́ ń pe ìyá wọn. Ohun tó wà nísàlẹ̀ yẹn ti wà níbẹ̀ kí ìlú yìí tó dé." Ó fi etí ìró nu ojú. "Kò ní ìyá, Lùkúmọ̀n. Èmi náà ò ní ọmọkùnrin mọ́. Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?"

Mo fi irin náà sílẹ̀ níbẹ̀. N kò sì sọ ọ́ fún Òkìkí.

Ìgbà ọyẹ́ ni Ìyá kú, lójú oorun. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá irin yẹn ló ní kí a sin òun sí. Nígbà tí èrò túká, Òkìkí ní kí n tan ẹ̀rọ, kí òun lè túfọ̀ fún àbúrò òun.

Mo tàn án. Ẹ̀rín Ìyá la gbọ́ lókèèrè, àti ẹ̀rín ohùn jẹ́jẹ́ yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń jìnnà lọ, wọ́n ń jìnnà lọ, títí a kò fi gbọ́ wọn mọ́. Òkìkí di apá mi mú. Mo na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ.

Ohùn kan tún wọlé. Ó ti há, bí ti ẹni tó ti ń ké láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́.

"Òkìkí," ó ní. "Òkìkí, èmi rèé. Màámi dà?"